Oòrùn Ò Sún Mọ́ Wa Nígbà Ooru: Oṣù Ọyẹ́ Gan-an La Sún Mọ́ Ọn Jù

Okun o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, a wà lóko kajú wa lẹ́yìn Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀sán gangan ni. Ìyé mi ń yọ kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀, ó ń jù ú sínú àpò, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó fi etí ìró nu ojú, ó gbójú sókè díẹ̀, ó ní: "Oòrùn yìí ti sọ̀kalẹ̀. Ó ti sún mọ́lẹ̀ ju ti ìgbà èwe wa lọ." Àwọn tó wà níbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ní òun gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òmíràn ní ọmọ òun tó wà ní yunifásítì ló là á yé òun pé ayé máa ń sún mọ́ oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì jìnnà sí i nígbà òjò.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ ní gáréèjì, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó ń ta omi, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tó di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú kíláàsì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀wé rárá. Ó jọ òótọ́ ni. Ẹni tó bá sún mọ́ ààrò, ooru iná á mú un. Ẹni tó bá kúrò nídìí rẹ̀, ara á tù ú. Gbogbo wa la ti yáná rí, ta ni yóò wá jiyàn? Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ayé àti oòrùn yàtọ̀ sí ti ìdí ààrò, ó sì ń dùn mí pé a fi èyí kọ́ ọmọ wa láti ìran dé ìran nígbà tó jẹ́ pé ọmọ odó tó wà lẹ́yìnkùlé wa lè fi òótọ́ hàn wá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yani lẹ́nu jù. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ayé sí oòrùn kì í gùn bákan náà jálẹ̀ ọdún. Ọ̀nà tí ayé ń tọ̀ yí oòrùn po fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto, ṣùgbọ́n oòrùn ò sí ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Johannes Kepler, ará Jámánì, ló kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1609, lẹ́yìn tó ti fi ọdún púpọ̀ ṣe ìṣirò bí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ṣe ń rìn. Nítorí náà, ìgbà kan wà tí a sún mọ́ oòrùn jù, ìgbà kan sì wà tí a jìnnà sí i jù.

Ìgbà wo wá ni a sún mọ́ ọn jù? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Oṣù ọyẹ́! Ìgbà tí ètè ń là, tí àwọn ọmọ ń rọ̀gbà yí iná ká láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé, tí ẹni tó fẹ́ wẹ̀ á dúró ti garawa omi fún ìgbà pípẹ́ kó tó bu àkọ́kọ́ sára. Ìgbà náà ni oòrùn wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà sí wa. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, tí ilẹ̀ tutù tí koríko yọ, ni a jìnnà sí i jù, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 152. Ní oṣù kẹta tí Ìyé mi ń làágùn lábẹ́ kajú, ayé ti kúrò níbi tó ti sún mọ́ oòrùn, ó ti ń lọ síbi tó jìnnà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ojoojúmọ́ là ń jìnnà sí i.

Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù 5 kìlómítà pọ̀ létí, àmọ́ ẹ fi wé ìrìn tó gùn tó mílíọ̀nù 150. Ó dà bí ẹni tó jókòó sí mítà mẹ́ta sí iná, tó wá sún àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá, tí ohunkóhun ò lè sáré jù, nǹkan bíi ìṣẹ́jú 8 ó lé díẹ̀ ló ń lò lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí ẹ rí nísinsìnyí ti kúrò lára oòrùn kí ẹ tó ṣí ojú ìwé yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí sísún mọ́ oòrùn jẹ́ lóòótọ́, ẹ bi ẹ̀rọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà pè ní Parker Solar Probe. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 2024, ó kọjá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 kìlómítà sí ojú oòrùn, ohun ìdáàbòbò tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe sí iwájú rẹ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, kí inú ẹ̀rọ náà má bàa yọ́.

Mi ò sọ pé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ yẹn ò já mọ́ nǹkan kan o. Agbára oòrùn tó ń dé sí gbogbo ayé ní oṣù kìíní fi nǹkan bíi 7 nínú 100 pọ̀ ju ti oṣù keje lọ. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà tó lágbára jù ú lọ fíìfíì, òun ló sì ń darí ooru àti òtútù.

Kí n tó dé ibẹ̀, ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń fi há mi lọ́fun. Wọ́n á ní, "Ó dáa, kí ló dé tí Lọ́kọ́ja fi ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ ju ọ̀dọ̀ wa lọ, bí kì í bá ṣe pé oòrùn sún mọ́ wọn?" Ẹ wo bí Lọ́kọ́ja ṣe wà. Inú àfonífojì ni, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Kàbà wà lórí ilẹ̀ gíga jù ú lọ. Tó bá jẹ́ pé sísún mọ́ oòrùn ló ń fa ooru, ẹni tó wà lókè ló yẹ kó máa jóná, tí ará àfonífojì á máa gbádùn. Òdìkejì là ń rí. Nígbà tí àwọn òyìnbó ìjọba àmúnisìn wà ní Lọ́kọ́ja, orí Òkè Patí ni Lugard ní ilé ìsinmi sí. Bí ènìyàn bá ń gòkè, ooru á máa dín ní nǹkan bíi dìgírì 6 àti ààbọ̀ lórí ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Òkè Kilimanjaro ní Tanzania ga tó mítà 5,895, kò sì jìnnà rárá sí ìlà tó pín ayé sí méjì, síbẹ̀ yìnyín wà ní ṣóńṣó rẹ̀.

Ohun tó ń darí ooru nìyí: ayé ò dúró ṣánṣán. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ní nǹkan bíi dìgírì 23 àti ààbọ̀, bí igi àgbọn tí afẹ́fẹ́ ti tẹ̀, ibi tó sì fì sí kì í yí padà bó ti ń yí oòrùn po. Nítorí náà, ní oṣù kẹfà, ìhà àríwá ayé ló kọjú sí oòrùn. Ní oṣù kejìlá, ìhà gúúsù ló kàn. Ìdí rèé tí ọmọ wa tó wà ní London fi ń pe ilé ní oṣù kìíní pé òtútù fẹ́ pa òun, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Cape Town sì ń lúwẹ̀ẹ́ létí òkun lọ́jọ́ kan náà. Oòrùn kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ kan náà ni. Ọ̀nà àwọn méjèèjì sí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá jẹ́ pé sísún mọ́ àti jíjìnnà ló ń ṣe é, gbogbo ayé ni ì bá máa gbóná pọ̀, tí wọn ì bá sì jọ máa tutù pọ̀.

Kí wá ni kíkọjú sí oòrùn ń ṣe? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yín sí ògiri lálẹ́, kí ẹ tàn án tààrà: ojú kékeré roboto ni ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí, á mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹ wá dorí tọ́ọ̀ṣì náà sí ẹ̀gbẹ́, ojú ìmọ́lẹ̀ á fẹ̀, á gùn, á sì ṣú díẹ̀. Bátìrì ò yí padà. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló tàn kálẹ̀ sórí àyè tó pọ̀ jù. Àwọn tó ń gbé sólà sórí òrùlé mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi tẹ́ ẹ kalẹ̀ bí ẹní. Wọ́n á gbé e kọjú sí ibi tí oòrùn ń gbà kọjá. Oòrùn tó dé àtàrí ń kó gbogbo agbára rẹ̀ sójú kan. Èyí tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ń fọ́n tirẹ̀ ká.

Ní tiwa níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dé àtàrí wa gan-an lọ́sàn-án: nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, àti nǹkan bí ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án. Ó lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì yàtọ̀ láti Kàbà sí Mọ̀pà sí Ìsánlú.

Ìyé mi ò gbà. Mo ní, "Ìyé, ẹ jẹ́ ká dán an wò." Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, mo mú ọmọ odó tó ti gbó, mo ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àgbàlá kó má bàa yẹ̀, mo so òkúta mọ́ okùn, mo fi wò ó bí bíríkìlà ṣe ń wo ògiri, kó lè dúró ṣánṣán. Ohun tó kù lórí ilẹ̀ tó mítà kan. Ní aago méjìlá, òjìji rẹ̀ ṣì yọ díẹ̀ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ìyé rẹ́rìn-ín, ó ní, "O rí i bí?" Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Aago wa ní Nàìjíríà, ti N'Djamẹ́nà ní Chad ló ń bá rìn, níbi tí oòrùn ti ń tètè dé àtàrí ju tiwa lọ. Ní Kàbà, ó máa ń kọjá aago méjìlá pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 37 kí ọ̀sán wa tó pé lóòótọ́.

A jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wò ó. Òjìji náà ń kó ara rẹ̀ jọ. Ó di ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ó di méjì, ó di bí ètè. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá àti ogójì ìṣẹ́jú lù, kò sí mọ́. Ọmọ odó dúró sójú oòrùn tó ń ràn gan-gan, kò ní òjìji. Ìyé dìde, ó yí i po, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀: òjìji rẹ̀ ti di abàwọ́n kékeré kan láàárín bàtà rẹ̀ méjèèjì. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó mú èédú láti ìdí ààrò, ó fa ìlà yí ìdí ọmọ odó náà ká.

Ní ìparí oṣù kẹfà, ó pè mí fúnra rẹ̀. Òjìji ọ̀sán ti bọ́ sí ìhà gúúsù, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 28. Ẹ̀yin tí ilé yín kọjú sí àríwá, ẹ kíyè sí i: oṣù kẹfà ni oòrùn ọ̀sán máa ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, nítorí ó ti kọjá orí wa lọ sápá àríwá. Ní ìparí oṣù kejìlá, ìhà àríwá ni òjìji ń ṣubú sí, á sì gùn tó nǹkan bíi 60. Ẹ ò rí i! Ní oṣù kìíní tí a sún mọ́ oòrùn jù, ìgbà náà gan-an ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ jù lójú wa, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fọ́n ká. Ohun tí sísún mọ́ fún wa, fífì ti gbà á lọ, ó sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, kò sí ìkúùkù lóru tí yóò bo ooru mọ́lẹ̀, nítorí náà ooru ọ̀sán á gòkè lọ, ilẹ̀ á sì mọ́ pẹ̀lú òtútù.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lóko lọ́jọ́ yẹn tún bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ò purọ́ nípa ibi tí oòrùn wà. Mo rán an létí ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2006. Ẹ̀yin tó ti gbọ́njú nígbà náà ò ní gbàgbé: òṣùpá wọ àárín àwa àti oòrùn láàárọ̀, ó bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lójú wa, ojú ọjọ́ ṣú, adìẹ ń wá ilé. Wọ́n ti kéde rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀. Oṣù kẹta ni, oṣù tí a ní oòrùn ti sọ̀kalẹ̀. Bí oòrùn bá kúrò ní àyè rẹ̀ lóòótọ́, ìṣirò wọn ì bá ti wọ́, òkùnkùn náà ì bá ti bọ́ sí wákàtí mìíràn, tàbí kó gba ibòmíràn kọjá.

Ohun kan wà tí Ìyé sọ tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: "ju ti ìgbà èwe wa lọ." Òótọ́ ni ìyẹn. Ooru ti pọ̀ sí i lóòótọ́. Àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ lágbàáyé sọ pé ní 2024, ayé fi nǹkan bíi dìgírì 1.55 gbóná ju bó ṣe wà láàárín 1850 sí 1900 lọ, kò sì tíì sí ọdún tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oòrùn mọ́ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà àárín wa pẹ̀lú oòrùn ń gùn sí i, ní ìwọ̀n bí ìbú ìka kan lọ́dún, nítorí oòrùn ń fúyẹ́ bó ti ń jó. Èéfín epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú tí aráyé ń sun ló dà bí aṣọ ìbora lójú ọ̀run, tí kì í jẹ́ kí ooru jáde bó ṣe yẹ. Igi tí a sì ń gé nílẹ̀ wa fún èédú ń gba ìbòòji lọ́wọ́ wa. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan bá ní oòrùn ló sún mọ́lẹ̀, nítorí ẹni tó bá di ẹ̀bi ru oòrùn ò ní bi ẹni tó gé igi léèrè.

Ó wá ku ìbéèrè tó le jù, Ìyé ló sì bi í. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé dídé àtàrí ló ń fa ooru, kí ló dé tí oṣù kẹta fi ń gbóná ju oṣù kẹsàn-án lọ, nígbà tó o ní ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dé àtàrí?"

Mo tọ́ka sí àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi inú àmù máa ń tutù ju ti inú ike lọ. Omi ń jò díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ jáde, ó ń gbẹ lójú rẹ̀, bó sì ti ń gbẹ ló ń kó ooru lọ. Ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí òjò ti rin, tí ewé bò, àmù ńlá ni: oòrùn á kọ́kọ́ ná agbára rẹ̀ sórí gbígbẹ omi kó tó ráyè mú ilẹ̀ gbóná. Ní oṣù kẹta, òjò ò tíì dúró dáadáa, iná ti jó koríko, àpáta àti iyẹ̀pẹ̀ wà ní ìhòòhò, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀. Gbogbo agbára oòrùn tó ń rìn bọ̀ wá sí àtàrí wa, ilẹ̀ gbígbẹ ló ń gbà á. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti ìhà òkun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nígbà náà, òógùn ò tètè gbẹ lára, ooru á wá di ti inú yàrá.

Ó mi orí. Ó ní a ó rí i ní oṣù kẹsàn-án.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, kò tíì tó aago méjìlá tó ti gbé ọmọ odó síta, ó ri í mọ́ àárín ibi tó fi èédú sàmì sí, tí òjò ti fọ̀ kù díẹ̀. A jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìkúùkù bo gbogbo ojú ọ̀run láti ọ̀nà Ìyàrá títí kọjá orí wa, ilẹ̀ rin, omi ń kán láti orí páànù. Aago méjìlá àti ìṣẹ́jú 37 lù. Ọmọ odó ò ní òjìji. Igi máńgòrò ò ní. Ewúrẹ́ tó ń kọjá ò ní. Ìyé fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká, ó gbójú sókè sí ìkúùkù náà.

"Ó wà níbẹ̀ gan-an báyìí?"

"Lórí wa gan-an, Ìyé."

Ó ní kí n lọ bá òun mú súwẹ́tà wá.